Bí Màrìwò Ṣe Dé Ẹnu Ọ̀nà Ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Èrìgì

Nígbà láéláé, nígbà tí koríko ṣì ni òrùlé gbogbo ilé ní Òkè-Èrìgì, tí páànù kò tíì gun orí ilé ẹnikẹ́ni, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni màrìwò máa ń wà nílùú náà. Ẹnu ọ̀nà ojúbọ Ògún ni, ní agbo ilé àwọn alágbẹ̀dẹ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ti bá a. Ẹ rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Rárá o! Ìrìn ló rìn débẹ̀, iná sì wà lójú ọ̀nà tó gbà.

Obìnrin kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Ògúndoyin. Ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ ni. Ẹ̀gbẹ́ ẹwìrì ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà, ariwo òòlù ló sì fi ń sùn. Kò sí obìnrin tó mọ màrìwò í ya tó o. Wọn á gbé imọ̀ ọ̀pẹ tí kò tíì tú fún un, á fi èékánná ya á wẹ́wẹ́, títí á fi rí bí irun orí ọmọ tuntun. Bí wọ́n bá gbé e kọ́, tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á máa dún ṣììì, bí òjò tó ń bọ̀ lókèèrè. Inú Ògúndoyin a máa dùn. Á ní, "Ẹ gbọ́ ọ, ọwọ́ mi ló ń sọ̀rọ̀ yẹn."

Nígbà tí ìhìn rere dé Òkè-Èrìgì, Ògúndoyin gbọ́ ọ, ó sì gbà á tọkàntọkàn. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Rákélì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ògúnṣọlá, ni olórí àwọn alágbẹ̀dẹ lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Ọkùnrin náà kò bá a jà. Ó kàn pè é sí kọ̀rọ̀, ó sì fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Àwẹ̀ró," ó ní, "mi ò ní dí ọ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò nílé kì í gbé ilẹ̀kùn ilé dání. Màrìwò kò gbọdọ̀ bá ọ lọ o."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni Rákélì wí. Ó kúnlẹ̀, ó dìde, ó sì lọ. Omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó ṣubú.

Àwọn onígbàgbọ́ kò pọ̀ nígbà náà. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn sí ẹ̀yìn ìlú, lẹ́bàá pápá. Àwọn obìnrin gún amọ̀ ògiri, àwọn ọkùnrin pa koríko òrùlé. Ilé wọn sì yí i ká. Olùkọ́ tí wọ́n rán sí wọn, Míkà lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run ni. Kò ga, ohùn rẹ̀ ló ga.

Kérésìmesì àkọ́kọ́ nínú ilé ìjọsìn tuntun náà wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Olùkọ́ Míkà ti tọ́jú àwọn bébà pupa àti bébà aláwọ̀ ewé tí yóò fi ṣe ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́ sínú àpótí. Nígbà tó ṣí àpótí náà, ikán ti jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Igi tútù kan ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gbé dúró sínú ilé Òyìnbó, tí wọ́n sì fi fìtílà sára rẹ̀.

Olùkọ́ pa àpótí náà dé. Ó jókòó sórí àpótí, ó káwọ́ lérí.

Rákélì rí i, àánú rẹ̀ ṣe é. "Olùkọ́, ẹ má ronú mọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n ya màrìwò. Tí mo bá so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà yìí, ẹni tó ń kọjá lọ yóò dúró wò ó."

Olùkọ́ fò dìde. "Màrìwò kẹ̀? Màrìwò Ògún, lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run?"

Rákélì mú àwòrán náà, ó wò ó dáadáa. "Igi wo lèyí, olùkọ́?"

"Igi Kérésìmesì àwọn Òyìnbó ni."

"Ṣé inú Bíbélì ló wà?"

Olùkọ́ Míkà kì í purọ́, ẹ̀bùn rẹ̀ nìyẹn. Ó fajú ro díẹ̀, ó ní, "Rárá, ìyá. Ọ̀gá wa nílé ẹ̀kọ́ sọ ọ́ fún wa. Ó ní kí àwọn babańlá wọn tó gbọ́ orúkọ Jésù rárá ni wọ́n ti máa ń kó ewé tútù wọlé nígbà òtútù. Oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n ń bọ nígbà náà."

"Kí ló wá sọ tiwọn di mímọ́?"

"Ó ti pẹ́. Wọ́n ti gbàgbé ibi tó ti wá."

"Àṣé ìgbàgbé náà ń fọ nǹkan mọ́," ni Rákélì wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dun olùkọ́, ṣùgbọ́n kò yí ọkàn padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ má mú un wá. Àná làwọn èèyàn wa kúrò nídìí Ògún. Bí wọ́n bá rí màrìwò níbí lónìí, wọ́n á béèrè ajá lọ́la."

Rákélì mọ̀ pé ó ní ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ sílé láìjà. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé, "Ilé ò gbà mí láyè, ìjọ ò gbà mí láyè. Kí ni kí n wá fi ọwọ́ yìí ṣe?"

Ó di ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Ó wá bọ́ sí i lọ́dún náà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ọdún Ògún àwọn alágbẹ̀dẹ. Wọ́n ti gé imọ̀ tútù àti màrìwò láti àárọ̀, wọ́n kó o jọ gègèrè síwájú ojúbọ. Ọyẹ́ mú, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ fùùù, ètè gbogbo èèyàn sì là.

Ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ni Rákélì rí èéfín. Àwọn kan tó ń dẹ òyà ló finá sí pápá, afẹ́fẹ́ sì gba iná náà lọ́wọ́ wọn. Ìhà ṣọ́ọ̀ṣì ló kọjú sí. Ó ń jó bọ̀, ó ń ta pàràpàrà, àṣá ń fò lókè rẹ̀.

Ariwo ta. "Iná o! Iná o!" Àwọn onígbàgbọ́ kó garawa àti ìkòkò jáde, ṣùgbọ́n odò ti fà, omi ilé kò sì tó nǹkan. Ìyá arúgbó méjì tí kò lè rìn wà nínú àwọn ilé ẹ̀bá ṣọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ Míkà sáré lọ gbé ọ̀kan pọ̀n.

Gbogbo ọmọ Òkè-Èrìgì ló mọ̀ pé imọ̀ ọ̀pẹ tútù ni a fi ń lu iná pápá pa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gun ọ̀pẹ nísinsìnyí? Rákélì rántí imọ̀ tí wọ́n máa ń kó jọ síwájú ojúbọ lọ́jọ́ ọdún. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó sì sáré.

Láti ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀, kò tíì wọ agbo ilé náà lọ́jọ́ ọdún rí. Nígbà tó já wọ àárín wọn, orin dúró. Ó wólẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iná ń bọ̀ wá jó wa! Ẹ fún wa ní imọ̀!"

Àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìnlọ. Òun ló kọ́kọ́ fọhùn. "Imọ̀ tí a ti kó fún Ògún? Ògúnṣọlá, má dá a lóhùn. Wọ́n pe màrìwò wa ní ẹ̀gbin. Ògún ló ń jà yẹn. Fi í sílẹ̀ kó jẹun."

Gbogbo ojú yí sí Ògúnṣọlá.

"Bàbá," ni Ògúnṣọlá wí, "Ògún tí mo mọ̀, tí bàbá mi mọ̀, kò yá iná lọ́wọ́ ọdẹ òyà rí láti fi jà. Bí a bá jẹ́ kí ilé náà jóná, irọ́ la ó máa pa mọ́ ọn títí ayé." Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé imọ̀ àkọ́kọ́ lé èjìká. "Ẹ̀yin ọmọ alágbẹ̀dẹ! Ẹ gbéra! Ẹ ki màrìwò bọ inú omi tí a fi ń rẹ irin, kí ẹ máa kó o bọ̀!"

Wọ́n tú jáde bí oyin. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹni tí kò lọ. Wọ́n to ara wọn sí etí pápá, wọ́n ń na iná, gbàà! gbàà! Iná ń dìde, wọ́n ń dá a dùbúlẹ̀. Olùkọ́ Míkà pàápàá gba imọ̀ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan, ó ń lu iná, ó ń kọrin Dáfídì pẹ̀lú ohùn gíga rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ta iná ń fò kọjá lórí wọn. Ọ̀kan bà sí koríko òrùlé lókè ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín.

"Àkàbà!" ni Rákélì kígbe. Wọ́n gbé e wá. Ó gùn ún, èéfín kó sí i lójú, kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń gbé màrìwò tó ń kán omi tọ̀tọ̀ fún un láti ìsàlẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ lé koríko, ó ń so ó mọ́ igi òrùlé, kókó lórí kókó, bó ṣe máa ń so ó nílé bàbá rẹ̀. Omi inú màrìwò ń ṣàn wọnú koríko. Iná náà jó díẹ̀, ó mi, ó kú.

Kí oòrùn tó wọ̀, pápá ti dúdú lọ salalu. Ṣọ́ọ̀ṣì dúró. Àwọn ìyá arúgbó méjèèjì wà láàyè, wọ́n ń súre. Ojúbọ Ògún wà ní ìhòòhò lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, irú èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn onígbàgbọ́ dé sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n dúró síta. Màrìwò ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbẹ díẹ̀, ó ń dún ṣììì. Gbogbo wọn ń wo olùkọ́. Rákélì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, tó ti bó níbi méjì.

Olùkọ́ Míkà gbé ọwọ́ sókè sí màrìwò náà. Ó dì í mú. Kò fà á já.

Ìgbà náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ yọ, Ògúnṣọlá ló ṣíwájú wọn. Olùkọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un nínú eérú, pẹ̀lú aṣọ funfun ọdún lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá, a dúpẹ́. Ṣé ẹ wá gba ohun yín ni?"

"A kì í gba ohun tí a ti fi tọrẹ," ni Ògúnṣọlá wí. "Mo wá wò ó ni. Kò sí ọ̀rọ̀ ìgbàpadà. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ẹ má pè é ní ẹ̀gbin mọ́. Ẹ máa so ó síbẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹ sì máa sọ ilé tó ti wá fún àwọn ọmọ yín. Ẹ má gbàgbé o. Ẹni tó bá gbàgbé ló tàbùkù wa."

"Mo gbà," ni olùkọ́ wí. "Màmá Rákélì ni yóò sì máa ya á."

Ògúnṣọlá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Àwẹ̀ró, gbé ilẹ̀kùn dání. Mo yọ̀ǹda."

Ẹkún tí Rákélì ti ń gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ wá dé. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì dúró gangan, orí rẹ̀ wú, bí ẹni tó ní ilé bàbá méjì.

Láti ọjọ́ náà ni màrìwò ti ń wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Èrìgì ní gbogbo Kérésìmesì. Láti ọjọ́ náà ni ó ti jẹ́ pé ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ ló ń gé e, obìnrin ìjọ ló ń ya á. Àti pé kí wọ́n tó so ó, àgbà kan yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọdé pé, "Níbo la ti rí i?"

Wọn á gbé ohùn sókè, wọn á ní, "Iwájú Ògún ni! Àwọn tó ni ín ló fi gba ilé wa là!"