Ẹṣin Tó Sáré Lẹ́yìn Okùn

Ẹ sún mọ́ mi, òṣùpá ti yọ. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹṣin Pupa kò kan bàtà irin mọ́ ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ eré ìje, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ Àgbò, olórí eré, pé kó jẹ́ kí òun bá wọn sáré.

"Lọ kan bàtà."

"Bàbá, ẹsẹ̀ ò dùn mí."

"Ojú ló ń dùn wá tá a bá wò ó."

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, Ẹṣin Pupa bọ́ sẹ́yìn okùn ààlà, láàárín òkúta, ó ń sáré, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló wọ bàtà wáyé?

Kò sẹ́nìkan.

Òun ló kọ́kọ́ dé. Àgbò ní kò kà. Ṣùgbọ́n Ẹṣin Funfun, tó tẹ̀ lé e dé, tí wọ́n fẹ́ fún lẹ́bùn, gbé ẹsẹ̀ síwájú alágbẹ̀dẹ tó ń kan bàtà fún wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ bàtà tèmi."

Bí mo bá purọ́, kí ẹsẹ̀ mi má gbé mi délé.