Bámgbàlà, Àpótí Ìpamọ àti Àṣá

Bí o bá dé abà Ìdí-Òro, tí o gbọ́ tí wọ́n ní, "Ẹ̀rọ tó pamọ kì í bá àṣá jà," o lè máa rò ó pé kí ló pa ẹ̀rọ àti àṣá pọ̀. Bámgbàlà ni.

Òun ló kọ́kọ́ gbé àpótí tí ń pa ẹyin wọ abà náà, láyé ìgbà tí àwọn olùkọ́ ọ̀gbìn ń gun kẹ̀kẹ́ kiri oko. Àtùpà kẹrosíìnì ló ń mú inú rẹ̀ gbóná, àádọ́ta ẹyin ló sì ń gbà. Ọjọ́ tó dé ni Bámgbàlà dúńbú gbogbo àgbébọ̀ rẹ̀.

Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, ní, "Baba Jọkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ẹyọ kan sí."

"Kó lè ṣe kí ni? Kó máa sàba fọ́jọ́ mọ́kànlélógún, kó máa ṣá mi lọ́wọ́ jẹ? Ayé ti kọjá ibẹ̀!"

Lóòótọ́, òròmọdìẹ mẹ́tàdínlógójì ló jáde. Ṣùgbọ́n ojú Bámgbàlà ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ni wọ́n bá fi í ṣe ìyá. Ó lọ sódò, wọ́n tẹ̀ lé e. Ó lọ sípàdé àgbà, gbogbo wọn wọ́ tọ̀ ọ́ wọlé.

Baálẹ̀ ní, "Bámgbàlà, o kú ewu ọmọ o!"

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni àṣá balẹ̀, ó gbé ọ̀kan tó tún yọ jáde lójúde. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé méjì. Bámgbàlà ju fìlà lù ú. Àṣá gbé fìlà náà lọ. Nígbà tí òròmọdìẹ ku mọ́kàndínlógún, tí wọ́n ń gbọ̀n sí i lẹ́sẹ̀, tí kò sì ní ìyẹ́ tí yóò fi bò wọ́n, àánú wọn ṣe é.

"Ìyá Jọkẹ́, bá mi yá àgbébọ̀ kan lọ́dọ̀ ìyá rẹ."

"Ẹ̀rọ ńkọ́?"



Àgbébọ̀ pupa kan, kékeré, onínúfùfù, ni ìyá Ìbídùn fún wọn. Adìẹ gba àwọn ọmọ, àwọn ọmọ ò gba adìẹ. Bámgbàlà ni wọ́n ń sá tọ̀. Ni alápòótí bá ká ṣòkòtò, ó wọ ilé adìẹ, ó jókòó ti àgbébọ̀ náà fọ́jọ́ mẹ́ta gbáko. Bó bá ń pe ọmọ, Bámgbàlà náà á máa pè.

Lọ́jọ́ kẹrin, àṣá ń rábàbà lókè. Àgbébọ̀ figbe ta, gbogbo ọmọ ya wọ abẹ́ àká. Ó fò sókè, ó fi èékánná pàdé àṣá. Ọwọ́ òfo ni àṣá mú lọ.

Bámgbàlà kò ta àpótí rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá béèrè bí òun náà ṣe lè rí irú rẹ̀ rà, ìbéèrè kan ni yóò kọ́kọ́ bi í: "Ṣé o ní àgbébọ̀?"

Bí onítọ̀hún bá ní kí lòun fẹ́ fi àgbébọ̀ ṣe, á ní, "Ọmọ ìyá, ẹ̀rọ tó pamọ kì í bá àṣá jà."