Ohun Tó So Ìka Ẹsẹ̀ Pẹ́pẹ́yẹ Pọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ìka ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bíi ti adìẹ, Pẹ́pẹ́yẹ kì í sàba. Adìẹ ló máa ń bá a sàba lé ẹyin rẹ̀, tí yóò sì tọ́ ọmọ náà pọ̀ mọ́ tirẹ̀.

Ìyá Àgbébọ̀ ni adìẹ tó mọ ọmọ tọ́ jù, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ le. Gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ jọ kọ́ ohun kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ilẹ̀ títàn ló ṣáájú. Odò di ìgbà tí gbogbo wọn bá hu ìyẹ́ tán.

Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan, Àkànjí, wà láàárín wọn. Kí oòrùn tó mú, ó ti mọ ilẹ̀ tàn.

“Ìyá mi, mo ti mọ èyí. Ẹ jẹ́ n lọ sódò.”

“Odò kẹ̀? Ìwọ tó ò tíì hu ìyẹ́! Ṣé o fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni? Padà síbi tẹ́gbẹ́ ẹ wà, kó o tún un tàn.”

Ó tún un tàn, ó tún un tàn, títí ó fi sú u, tí kò jẹun mọ́. Àwọn ọmọ adìẹ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ọ̀gá odò, odò dà?” Bí Ìyá Àgbébọ̀ bá ti yíjú, Àkànjí ti forí lé ọ̀nà odò.

Ọ̀rọ̀ náà wá tojú sú Ìyá Àgbébọ̀. Ó bẹ Aláǹtakùn:

“Jọ̀ọ́, bá mi so ọmọ yìí lẹ́sẹ̀, bí wọ́n ti ń so adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà, kó má bàa sá lọ.”

Aláǹtakùn hun òwú rẹ̀ sáàárín ìka ẹsẹ̀ Àkànjí, ó hun ún títí ó fi ki, òwú náà sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Àkànjí ṣubú. Ó dìde. Ó tún ṣubú. “N ó ṣáà débẹ̀,” ló ń wí, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, títí ó fi dé etí odò.

Ìyá Àgbébọ̀ sáré lé e bá. “Yéè! Ẹsẹ̀ tí mo so yìí ni yóò mú un rì!” Ó ń fi ẹnu ṣá òwú náà, kò já. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ n lọ.”

Ìyá Àgbébọ̀ fi òwú náà sílẹ̀. Ó dijú. “Ó dáa. Máa lọ, ọmọ mi.”

Àkànjí bọ́ sínú omi. Ó fi ẹsẹ̀ ti omi sẹ́yìn, omi sì gbé e. Ohun tí wọ́n fi so ó ló di àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ ara rẹ̀!

Láti ọjọ́ náà ni ìka ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ti lẹ̀ pọ̀, tó sì ń fì sọ́tùn-ún sósì bó bá ń rìn. Ọmọ rẹ̀ tó jáde nínú ẹyin lánàá ń lúwẹ̀ẹ́ lónìí, kò dúró de ìyẹ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sì jẹ́ adìẹ ló sàba lé e, adìẹ á dúró létí omi, á máa ké, ṣùgbọ́n kò jẹ́ so ó lẹ́sẹ̀ mọ́.