Bí Ìrù Òkété Ṣe Funfun Lápá Kan

Nígbà láéláé, nígbà tí ìrù òkété ṣì dúdú láti ìdí dé ṣóńṣó, Ìyá Òkété gbẹ́ ilé kan sábẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀kùn wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, ó tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó bá ti ìdí ọ̀pẹ dé tòun ti èkùrọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, á tún máa sáré ti ilẹ̀kùn kiri, torí Ejò ń gbé ládùúgbò, ọmọ òkété sì ni oúnjẹ tó wù ú jù.

"Ṣé ilẹ̀kùn kò lè máa ti ara rẹ̀ ni?" ni ó ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé. Obìnrin náà fẹ́ràn ìbéèrè.

Oníṣẹ́ ọwọ́ méjì gbọ́, wọ́n wá. Aláǹtakùn ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kí n so okùn mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn yín. Ẹ óò jókòó sójú kan, ẹ óò fà á, gbogbo wọn á tì."

Àdán rẹ́rìn-ín. "Okùn nínú ilé ọlọ́mọ? Ṣé kí wọ́n máa fẹsẹ̀ kọ́ ọ ṣubú ni? Ìyá, èmi ò lo okùn. Màá kọ́ àwọn ilẹ̀kùn yín lọ́rọ̀. Ẹ wí pé 'Àgò yà', wọ́n á ṣí. Ẹ wí pé 'Ó tó', wọ́n á tì."

"Bí òjò bá ń rọ̀ ńkọ́, wọ́n á gbọ́?" ni Ìyá Òkété bi Àdán.

"Wọ́n á gbọ́ dáadáa."

Ó kọjú sí Aláǹtakùn. "Bí okùn bá já ńkọ́?"

"Bí okùn bá já, ẹ óò rí ibi tó ti já," ni Aláǹtakùn dáhùn. "Bí ọ̀rọ̀ bá ṣìnà, níbo lẹ ti fẹ́ wá a?"

Ìyẹn kò wọ̀ ọ́ létí. Ilé tí kò sí okùn ló wù ú, ó sì gbé iṣẹ́ náà fún Àdán. Àwọn ọmọ ń ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń tì í láti àárọ̀ dalẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Òkété wà ní yàrá ẹ̀yìn, èkùrọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ kan dún níta: "Àgò onílé o."

Àkọ́bí rẹ̀, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé, dáhùn kíá: "Àgò yà!"

Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ejò ló ń wọlé bọ̀.

Ìyá Òkété fẹ́ wí pé "Ó tó", "hùn-ún hùn-ún" nìkan ló jáde. Ó tu èkùrọ́ dànù, ó pariwo ọ̀rọ̀ náà, ilẹ̀kùn sì tì mọ́ Ejò nímú. Díẹ̀ báyìí ló kù.

"Màámi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká máa dá àlejò lóhùn," ni àkọ́bí ń fi ẹkún wí. Ọmọ tó gbọ́ràn kọ́ ni èèyàn ń lù.

Ó sáré tọ Aláǹtakùn lọ. Ìyẹn kò bú u, ó kàn so okùn mọ́ ilẹ̀kùn gbogbo, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. "Ọwọ́ yín ń kó èkùrọ́, ẹnu yín náà kún. Ibo ni kí n so orí okùn mọ́? Ìrù yín yìí ńkọ́, kí ló ń ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ó ti ríṣẹ́ nìyẹn."

Ejò tún dé. "Àgò onílé o."

"Àgò yà," ni àkọ́bí dáhùn. Ilẹ̀kùn kankan kò mira, torí okùn ti dì wọ́n mú. Ìyá Òkété rọra fa ìrù rẹ̀, gbogbo wọn tún le sí i gbọn-in. Ejò dúró títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àdán bínú kúrò ládùúgbò. Ó ṣì ń fò kiri ní ìrọ̀lẹ́, ó ń wá ilẹ̀kùn tí yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n okùn náà ń ha ìrù Ìyá Òkété lójoojúmọ́, títí dúdú ibẹ̀ fi bó dànù. Láti ọjọ́ náà ni ìrù òkété ti funfun lápá kan. Ibẹ̀ máa ń ta Ìyá Òkété gan-an, àmọ́ nígbàkigbà tó bá ka àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n máa ń pé.