Ẹsẹ̀ Awẹ̀ró Nínú Omi Tuntun

Ọdún tí ẹ̀ẹ̀rùn fa adágún wa gbẹ, tí àwọn ọkọ̀ wa jókòó sórí ẹrẹ̀, kòtò omi kan ṣoṣo ló kù tí àwọn ọmọ ẹja há sí. Awẹ̀ró, opó tó ń yan ẹja tà, ló ń pọn omi kànga lọ dà sínú rẹ̀ láràárọ̀.

Òjélabí, olórí àwọn apẹja, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Awẹ̀ró, ṣé adágún lo wá ń fún lómi mu?"

"Baba, bí òjò bá dé tí kò bá irú ẹja kankan nílẹ̀, kí la fẹ́ fi omi ṣe?"

Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, adágún kún bo kòtò náà, àwọn ọmọ ẹja sì tú yááyá jáde. Gbogbo abúlé pé sétí omi. Àṣà wa ni pé olórí apẹja ni yóò kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ omi tuntun kí ọkọ̀ kankan tó wọ̀ ọ́.

Òjélabí bọ́ bàtà. Ó wo àwọn ẹja tó ń dán yinrin nínú omi, ló bá tún bàtà wọ̀.

"Awẹ̀ró, bọ́ síwájú. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ò da nǹkan kan."

Awẹ̀ró ò bá a jiyàn. Ó ká ìró dé orúnkún, ó gbórí sókè, ó wọ inú omi lọ bí onílé tó ń wọ ilé rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí àwọn ará abúlé kejì bá ń fi adágún tiwọn yangàn, a máa ń dá wọn lóhùn pé: "Òjò ló pọn omi tiyín. Èèyàn ló pọn tiwa."