Mọ́tò Tí Wọ́n Ti Mú Gbóná Sílẹ̀

Ìfura loògùn àgbà. Dúródọlá lo oògùn yìí lọ́jọ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ lọ wo mọ́tò àlòkù n'Ísẹ́yìn.

Àìsàn kíndìnrín ń bá ọkọ rẹ̀ fínra, ìdájí ni wọ́n sì máa ń gbéra lọ sí ọsibítù n'Íbàdàn. Nígbà tí wọ́n délé Lájídé tó fẹ́ ta mọ́tò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣáná sí i tó dáhùn. Inú ọkọ Dúródọlá dùn. Àmọ́ nígbà tí Dúródọlá gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná janjan.

"Ṣé ẹ ti gbé e jáde láàárọ̀ yìí ni?"

"Rárá o, mà," ni Lájídé fèsì. "Mo kàn mú ẹ́ńjìnnì gbóná ni. Ó yẹ kéèyàn ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó wa mọ́tò."

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkàn Dúródọlá ò balẹ̀. Ta ló fẹ́ wà á tó fi ń mú un gbóná? Ó wá ibì kan jókòó sí.

"Ẹ bá wa pa á. A máa dúró kó tutù."

"Ìfura tìẹ náà ti pọ̀ jù," ni ọkọ rẹ̀ ń kùn. Lájídé ní òun níbi í lọ. Obìnrin náà ò mira.

Nígbà tó tutù, Lájídé ṣáná sí i. Mọ́tò wúkọ́, ó kú. Lájídé tún ṣáná sí i léraléra, èéfín gba gbogbo àgbàlá, mọ́tò ò dáhùn. Ni Lájídé bá ní òun á dín owó rẹ̀ kù.

Dúródọlá fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ dìde. "Aláìsàn ni mo fẹ́ fi mọ́tò gbé," ló wí. "Mi ò wá mọ́tò tó ń ṣàìsàn."