Àáró Tí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Jẹ Nítorí Ọmọ Ológbò

Àlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé oúnjẹ ti dí yín lẹ́nu ni? Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Àlọ́ o!

Ààlọ̀ ọ!

Ó dáa. Àlọ́ mi yìí kò rìn jìnnà. Ó gba ẹ̀yìn Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọjá, ó gun igi tọ Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, ó sì wọ ihò Òòrẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ibi tí mo bá ti ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe.

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú àwọn ẹranko, Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni alárù ìlú. Ẹrù ẹlẹ́rù ló ń rù láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò ní aya, kò ní ọmọ. Bí ó bá dé ilé, yóò jẹ koríko, yóò fara ti ògiri, yóò sì sùn lórí ìdúró. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ta ni yóò bá sọ ọ́?

Ní ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, ó ń ti ọ̀nà odò bọ̀. Ó gbọ́ igbe kan ní àkìtàn. Igbe náà tín-ín-rín. Ó wo abẹ́ ewé kókò. Ọmọ ológbò ló wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀. Ikun ń jáde ní imú rẹ̀. Bí ó bá ń mí, àyà rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ẹní nílẹ̀.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọjá. Ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ó padà.

Ó fi ẹnu gbé e, ó gbé e dé ilé. Ọjọ́ náà ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sùn láyé rẹ̀, kí ọmọ ológbò lè rí ikùn tó gbóná fara tì. Ó sọ ọ́ ní Dúrósinmí. Ó ní òun kò ní ẹni tí yóò sin òun bí òun bá kú. Kí èyí dúró.

Ẹlẹ́dẹ̀, aládùúgbò rẹ̀, yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́! O ò tíì rí koríko jẹ yó, o tún lọ gbé aláìsàn wálé. Ṣé ẹrù ọjà kò tó ẹ rù ni?"

"Ẹrù yìí kò wúwo," ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ dá a lóhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ológbò náà kò jẹun. Ó ń wúkọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Òòrẹ̀ lẹ́yìn odò. Òòrẹ̀ nìkan ló mọ ìtọ́jú ẹranko ní gbogbo ìlú. Yóò fa ẹ̀gún kan yọ lára rẹ̀, yóò ti orí rẹ̀ bọ oògùn, yóò fi gún ẹni tó ń ṣàìsàn, oògùn yóò sì wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Òòrẹ̀ gbé etí lé àyà ọmọ náà. Ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

"Àyà ló mú un. Kò tíì bọ́ sórí. Ẹ̀gún mẹ́ta ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin bá mọ́ tí n kò tíì gún un, má wulẹ̀ pè mí mọ́."

"Bàbá, ẹ gún un nísinsìnyí. Màá sìn yín."

"Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, bí mo bá fa ẹ̀gún kan yọ, ẹ̀jẹ̀ mi ló ń tẹ̀lé e. Ọmọ Ìkookò ṣàìsàn lésìí. Bàbá rẹ̀ ní kí n wò ó ná, òun ń bọ̀ wá bá mi ro oko. Ọmọ yá. Ṣé o rí Ìkookò lóko mi? Etu náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀bọ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti darúgbó. Oko iṣu mi ti di igbó. Bí n kò bá gbin nǹkan lọ́dún yìí, ebi ni yóò pa mí tòun ti oògùn lọ́wọ́. Ẹ ro oko náà. Ọjọ́ tí ẹ bá parí ẹ, wá pè mí, mo ń bọ̀."

"Èmi nìkan kò lè ro ó láàárín ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá."

"Mo mọ̀," ni Òòrẹ̀ wí. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ilẹ̀ ló ń wò.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ padà sílé. Kò ní nǹkan kan àfi ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn náà ló gbé kalẹ̀. Ó pe àwọn ẹranko jọ, ó ní, "Ẹ ṣe àáró fún mi. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan bá mi ro oko Òòrẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni màá fi ru ẹrù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́."

Àgbò gbà. Ẹlẹ́dẹ̀ náà gbà. Ó ní imú òun nìkan tó ọkọ́ méjì. Wọ́n pé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ta ló mọ oko Òòrẹ̀? Kò sẹ́ni tó ń sún mọ́ ibẹ̀ nítorí ẹ̀gún. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gan-an, ẹnu ihò ló dé tó ti padà.

Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ka. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo wà lókè fún? Èmi mọ̀ ọ́n. Kò sí ààlà oko tí n kò mọ̀ nílùú yìí. Ẹ jí ní ìdájí, kí ẹ máa tẹ̀lé mi."

Ẹ gbọ́ o. Ọ̀kẹ́rẹ́ yìí fẹ́ràn ẹ̀pà ju ẹ̀mí lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ọkọ́. Bàbá rẹ̀ fi ilẹ̀ ńlá kan sílẹ̀ fún un lẹ́yìn odò. Láti ọjọ́ tí bàbá náà ti kú, kò sẹ́ni tó gé ewé kan níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀kẹ́rẹ́ rí ẹ̀gún Òòrẹ̀ kan tó já bọ́ sójú ọ̀nà. Ó mú un, ó lọ gún un mọ́ àárín ilẹ̀ ara rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n dé ibẹ̀. "Ẹ wo ẹ̀gún Bàbá!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Òun ni wọ́n fi sàmì sí oko wọn."

Àgbò wò yíká. "Oko iṣu ni wọ́n pè é. Mi ò mà rí ebè àtijọ́ kankan."

"Àgbò, ìwo lo ní, o ò ní ojú. Ṣé ebè ń bá igbó jà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ki ọkọ́ bọlẹ̀. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fi ara rẹ̀ síṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Orin tó ń kọ rèé, tí àwọn yòókù ń gbè. Ẹ̀yin náà ẹ gbè é:

Dúrósinmí, dúró dè mí,
Jáláńkátó.
Ọkọ́ ń bẹ lóko, oògùn ń bọ̀,
Jáláńkátó.
Ọjọ́ mẹ́rin kò jìnnà,
Jáláńkátó.
Mí díẹ̀ sí i, ọmọ mi,
Jáláńkátó.

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó sórí ẹ̀ka, ó ń jùrù sí orin.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ tí wọ́n ro ti tó oko àgbàlagbà kan. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní, "Èyí ti tó. Ẹ jẹ́ n lọ pe Bàbá."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní kí ẹ ro ó dé etí odò. Wọ́n ti sùn báyìí. Bí ẹ bá lọ jí wọn, tí inú bá bí wọn, oògùn ta ni yóò gbẹ?"

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé ọkọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wá oògùn kì í bá olóògùn jiyàn. Ó padà sílé. Dúrósinmí lá omi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, wọ́n tún ro ó. Ní alẹ́, ológbò náà kò lá omi mọ́, ṣùgbọ́n bí ó ti gbọ́ ẹsẹ̀ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó gbé orí.

Ọjọ́ kẹta, wọ́n dé etí odò nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Ọwọ́ Àgbò ti bó. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní, "Ó parí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ yẹ ilẹ̀ wò, ó mi orí. "Gbòǹgbò ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ wá ṣa gbòǹgbò lọ́la."

Ọ̀la ni ọjọ́ kẹrin. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ju ọkọ́ sílẹ̀. Ó sáré lọ sí ihò Òòrẹ̀.

Òòrẹ̀ wà ní ẹnu ihò. Ìkarahun ìgbín wà níwájú rẹ̀, oògùn kún inú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ó ku gbòǹgbò nìkan. Mo bẹ̀ yín, ẹ máa bọ̀."

"Gbòǹgbò kí ni? Láti ọjọ́ tí o ti lọ ni mo ti lọ oògùn yìí sílẹ̀. Mò ń wo ọ̀nà. N kò rí ẹnì kankan. Mo rò pé ọmọ náà ti kú ni. Ojú sì ń tì mí láti wá béèrè."

"A ro oko yín fún ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Èyí tí ẹ fi ẹ̀gún sàmì sí."

"N kì í fi ẹ̀gún gúnlẹ̀. Oko mi ló wà lẹ́yìn rẹ yẹn."

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yí ojú padà. Igbó ni. Ìtàkùn ti gun orí igi iṣu ọdún kẹta. Ewé kan kò yẹ̀ níbẹ̀.

Òòrẹ̀ dìde. "Máa lọ, mo ń tẹ̀lé ọ. Ẹsẹ̀ mi kúrú, ṣùgbọ́n mo ń bọ̀."

"Ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Ẹ̀gún mi yóò dá ọ lára."

"Ẹ gun ẹ̀yìn mi, Bàbá."

Ó gbé e. Ó sáré. Bí ó bá ti gbé ẹsẹ̀, ẹ̀gún á wọlé. Bí ó bá ti sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀gún á tún wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn gba ìhà rẹ̀ méjèèjì. Lórí ìrìn náà ni Òòrẹ̀ ti fa ẹ̀gún mẹ́ta yọ lára ara rẹ̀, tó tì wọ́n bọ oògùn, kí wọ́n má bàa fi àkókò ṣòfò bí wọ́n bá dé. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń kọrin rẹ̀. Dúrósinmí, dúró dè mí.

Ẹ má gbè é mọ́.

Wọ́n dé ilé. Ẹlẹ́dẹ̀, tó ti ṣíwájú wọn ti oko dé, ló jókòó ti ológbò náà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Kò tíì pẹ́ tó dákẹ́," ni Ẹlẹ́dẹ̀ wí. "Ẹnu ọ̀nà ló kọjú sí."

Ara rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Mosúnmọ́lá tó jókòó síhìn-ín ń béèrè bóyá wọn kò gún un kó lè jí. Òòrẹ̀ gún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gún un. Ṣùgbọ́n oògùn kì í rìn nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti dúró. Kò jí, ọmọ mi.

Ẹni tó ní kí wọ́n dúró sin òun, òun ló fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀.

Nígbà tí ìlú gbọ́, wọ́n ya lọ sí oko náà. Wọ́n bá Ọ̀kẹ́rẹ́ níbi tó ti ń gbin ẹ̀pà, tó ń súfèé. Bí ó ti rí ìwo Àgbò, ó ti dé orí igi.

"Ta ni mo fi ọwọ́ mú?" ló ń ké láti òkè. "Ẹ̀yin lẹ kò béèrè!"

"Sọ̀kalẹ̀ wá, ká béèrè báyìí," ni Àgbò wí. Kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n pinnu pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a da ọ̀rọ̀ pọ̀, kò sì gbọdọ̀ bá a fọwọ́ kan iṣẹ́.

Kí ni ìyẹn já mọ́ lójú Ọ̀kẹ́rẹ́? Ẹ̀pà hù. Ó tàn, ó bo ilẹ̀ dé etí odò. Ó ń wò ó láti orí ẹ̀ka, ó ń lá ẹnu. Ó pe ìlú wá bá a tú u. Kò sẹ́ni tó lọ. Ó tú díẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́, ó sùn.

Ni èkúté bá dé. Wọn kò wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rọ́ wá láti igbó odò, wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀ wọlé, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà lábẹ́ ewé rẹ̀. Ewé ṣì tutù lókè, èèpo nìkan ló kù nísàlẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ lé wọn, wọ́n wọ ihò. Ó kúrò, wọ́n jáde. Ní ọjọ́ kẹta, ó sáré wá sí ẹnu ọ̀nà Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó ti rù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí! Èkúté ń jẹ mí run. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń lé wọn àfi ológbò. Ṣé ẹ kò tún ní òmíràn?"

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wò ó. Lẹ́yìn náà, ó fi imú tọ́ka sí òkìtì kékeré kan ní ìdí ògiri. Koríko ti ń hù lórí rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ padà lọ bá èèpo. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ní oko mọ́. Oko olóko ló ti ń ṣa ẹ̀pà jẹ, tó ń bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ńkọ́? Ẹni mẹ́wàá ló bá a ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta gbáko ló jẹ wọ́n. Ẹlẹ́dẹ̀ ní kó gbàgbé ti òun. Àgbò ní kó gbàgbé.

"Ẹ ro ilẹ̀," ni Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wí. "Ọkọ́ yín kọ́ ló purọ́."

Ó ru ẹrù wọn, tòun ti egbò lẹ́yìn. Bí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, yóò kọjá odò lọ bá Òòrẹ̀ ro oko iṣu rẹ̀, òun nìkan. Òòrẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe é mọ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní ẹ̀gún mẹ́ta ti yọ. Nígbà tó bá dé ilé, yóò fara ti ògiri, yóò sùn lórí ìdúró. Kò dùbúlẹ̀ mọ́.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fi àìsàn ọmọ ẹlòmíràn ṣe oko, èèpo ni yóò kó lérè. Èyí ni ti ẹ̀yin ọmọdé. Ti àwa àgbà ló kù. Ẹni ìṣòro bá ká mọ́lé máa ń bẹ̀rù láti béèrè. Bí ẹ bá ń bá a ro oko, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ olóko.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Mosúnmọ́lá, nu ojú rẹ. Kí ẹ tó wọlé, kí ẹnì kan lọ wo ológbò wa ní ìdí ààrò, bóyá ó jẹun lónìí.